Ọ̀dà Funfun Lẹ́nu Kànga

Òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọmọ alágbàfọ̀ gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì, tó sì tún àwọn ìgò inú rẹ̀ kà. Mẹ́fà ni. Méjì ti kún fún omi, mẹ́rin ṣófo. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣófo yìí jẹ́ ti àdúgbò orí òkè, ibi tí ènìyàn yóò fi ẹsẹ̀ gùn fún ogójì ìṣẹ́jú kó tó rí ilé àkọ́kọ́. Aago mẹ́ta ti lù. Aago mẹ́rin ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò, àárọ̀ ọjọ́ kejì sì ni ìdánwò kẹ́mísírì, èyí tó jẹ́ pé ẹni tó bá fakọ yọ nínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń mú sí ẹ̀ka ìṣègùn lọ́dún kejì.

Ọmọbìnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ o, ẹ má ṣe rò bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn ìjọba láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń rá kòrò, ọṣẹ sì ti jẹ ọwọ́ obìnrin náà títí awọ rẹ̀ fi ń bó. "Dókítà" ni ìyá yìí ń pe ọmọ rẹ̀ láti kékeré, bí ẹni pé wọ́n ti gbé ìwé ẹ̀rí ọ̀hún lé e lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ rán an níṣẹ́, á ní, "Dókítà, bá mi ra iyọ̀ wá." Àwọn ará ilé a máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kì í rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, nítorí ó ti gba orúkọ yẹn gbọ́ tọkàntọkàn.

Omi inú ìgò wọ̀nyí jẹ́ ara ohun tí wọ́n ń pè ní "iṣẹ́ ìlú" ní yunifásítì náà. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní tí kò ní ṣe é. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ń bá àwọn opó kọ ìwé sí kóòtù, àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń lọ sóko, àwọn onísáyẹ́ǹsì a sì máa yẹ àwọn kànga ìlú wò ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí wọn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, ti la ọ̀rọ̀ náà yé wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ kíláàsì.

"Ohun mẹ́ta ni wọ́n torí rẹ̀ dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀," ó ní. "Ká kọ́ni, ká ṣe ìwádìí, ká sin ìlú. Ẹ ń rò pé ìkẹta ló kéré jù. Torí ìkẹta yẹn la ṣe ń ṣe méjì tó kù. Owó orí bíríkìlà àti ti alágbàfọ̀ ni wọ́n fi kọ́ yàrá tí ẹ jókòó sí yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní wọ inú rẹ̀ láéláé."

Lọ́jọ́ náà, nígbà tó gbọ́ tí wọ́n dárúkọ alágbàfọ̀, orí ọmọ yìí wú.

Iṣẹ́ omi yìí kò le. Bébà pélébé kan wà nísàlẹ̀ ìgò kọ̀ọ̀kan, èyí tí Bàbá Onígò, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ti rẹ sínú kẹ́míkà, tó sì ti yan gbẹ fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á fa omi kànga, á bù ú sínú ìgò dé ojú ìlà, á dé e pa. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, bí ìgbẹ́ bá ti kan omi náà, á dúdú bí èédú. Kànga tí omi rẹ̀ bá mọ́, wọn a fi ọ̀dà funfun sàmì sí i lẹ́nu. Èyí tí kò bá mọ́, ọ̀dà pupa, kí onílé máa se omi rẹ̀ kó tó mu. Ará ìlú kì í ka ìwé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń tẹ̀ jáde. Ọ̀dà yẹn ni wọ́n ń kà.

Ibi tó ti ń ka ìgò ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bá a. Alábùjá ni gbogbo kíláàsì ń pe ọ̀rẹ́ yìí, nítorí kò sí ọ̀nà tó jìn tí kò mọ èyí tó gé e kúrú. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo àwọn ìgò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti fi ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tòun sílẹ̀ láti àárọ̀. Ọmọ alágbàfọ̀ bi í bó ṣe yí kànga mẹ́fà po láàárọ̀ ẹyọ kan. Alábùjá na ẹnu sí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé-ìkàwé.

"Ọ̀rẹ́ mi, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá," ó ní. "Ìdánwò ọ̀la ni ẹ̀tẹ̀. Ìgò tó o gbé dání yẹn, làpálàpá ni. Àwọn tó ṣe é lọ́dún tó kọjá náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti pọn tiwọn. Ta ló kú?"

Òwe gidi ni, ṣùgbọ́n ẹnu tó bá fẹ́ ṣini lọ́nà kì í wá òwe tì.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ọmọ alágbàfọ̀ rò ó pé bí òun bá gun òkè, òun á pẹ́, wọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Ó rò ó pé òun ṣì ní orí ẹ̀kọ́ méjì tí òun kò tíì kà. Ó rò ó pé kànga tí kò bá dára, àwọn tó ni ín á ti mọ̀. Oríṣiríṣi ló rò, èyí tí kò rò ni àwọn tó ń mu omi náà. Ó gbé ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sẹ́yìn ilé-ìkàwé, ó ṣí ẹ̀rọ, ó bu omi dé ojú ìlà. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Bàbá Onígò gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbé wọn sókè sí fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin yìí kò fìgbà kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń fọ ìgò, ojú rẹ̀ sì ti mọ omi. Ó gbé méjì àkọ́kọ́ kalẹ̀. Ó mú ìkẹta, ó wò ó pẹ́.

"Ọmọ mi, ṣé kànga lo ti fa eléyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó mọ́ gaara. Kànga a máa ní erùpẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀."

"Omi orí òkè ni, sà."

Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní kò burú, ẹni tó bu omi ló mọ ibi tó ti bù ú. Ó ṣí ìwé ńlá, ọmọ alágbàfọ̀ sì fọwọ́ sí iwájú nọ́ńbà kànga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó jókòó sí ìdánwò lọ́jọ́ kejì, ó sì fakọ yọ lóòótọ́. Ipò kejì ló ṣe nínú ọgọ́rin akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ àbájáde mọ́ ara ògiri, ìyá rẹ̀ fi ọṣẹ sílẹ̀ lọ́wọ́, ó jó.

Ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò dúdú. Báwo ni wọn ì bá ṣe dúdú? Wọ́n bá gbé ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó lọ sàmì sí àwọn kànga rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló tó gun òkè fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bíríkìlà àgbà kan ló ni kànga kẹta. Ọkùnrin náà wà lára àwọn tó to búlọ́ọ̀kù gbọ̀ngàn ńlá yunifásítì nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. "Ilé-ìwé wa" ló ń pè é. Ó gbé àga fún ọmọ alágbàfọ̀, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé àwọn kì í dúró lórí ìdúró nínú ọgbà òun. Ìyàwó rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ìkòkò omi gbígbóná. Àrùn onígbáméjì ti pa ọmọ kan fún obìnrin yìí rí. Láti ọjọ́ náà, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò jẹ́ kí omi wọ ẹnu ará ilé rẹ̀ láìjẹ́ pé ó hó. Òròòwúrọ̀ ló ń dáná rẹ̀, èéfín sì ti ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Ó wo ọ̀dà tó ń gbẹ lẹ́nu kànga, ó wo ọmọbìnrin náà.

"Ọmọ mi, ṣé kí n wá sinmi omi síse ni?"

Ààyè ṣì wà níbí yìí. Bí ọmọ yìí bá ní, "Ẹ ṣì máa sè é, mà," kò sẹ́ni tí ì bá bi í pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ilé-ìwé àwọn ti gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀rù sì ń ba ọmọ alágbàfọ̀ pé bí òun bá sọ ọ̀kan, wọn á bi òun ní èkejì.

"Ẹ lè sinmi, mà," ó ní. "Ó mọ́."

Obìnrin náà gbàdúrà fún un gidigidi. Ó ní yóò jẹ èrè ìwé rẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò sì bá a jẹ ẹ́. Àmín ni ọmọ alágbàfọ̀ ń ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Ọjọ́rú, ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó ní aṣọ ibùsùn ọjọ́ náà nìkan ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Èèyàn méje ni wọ́n gbé wá láti àdúgbò orí òkè, gbogbo wọn ń bì, wọ́n sì ń yàgbẹ́ bí omi. Ó ní oúnjẹ tí wọ́n jẹ ni àwọn dókítà ń wádìí, nítorí ọkọ ọ̀kan nínú wọn, bíríkìlà kan, ti fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe omi. Bíríkìlà náà ní yunifásítì ti yẹ omi àwọn wò. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fẹnu kan omi ilé ìwòsàn. Omi kànga tirẹ̀ ló ń rọ sí kẹ́ẹ̀gì, tó ń gbé wá fún un láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọmọ alágbàfọ̀ fi oúnjẹ sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ọ̀rọ̀ náà: omi ni. Ìyá tó lè gbé e dé ilé ìwòsàn sì jókòó síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó bó, ó rántí ijó tí ìyá náà jó, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá ibà ló fẹ́ ṣe é. Ó ní orí ló ń fọ́ òun.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wá Alábùjá lọ sí kíláàsì. Alábùjá kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yìí. Ó fà á lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, òjò ló ba kànga jẹ́, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní bó bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ alágbàfọ̀ nìkan ni wọ́n máa lé. Ọmọ alágbàfọ̀ lọ jókòó, ó ń kọ ohun tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó, kò sì mọ ohun tó ń kọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó bíríkìlà kú. Alágbàfọ̀ ló fọ aṣọ tí wọ́n ká kúrò lórí ibùsùn rẹ̀. Nígbà tó délé tó ròyìn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sáré jáde.

Ìgbà tí òkú ti sùn ni dókítà kan tó bu omi inú kẹ́ẹ̀gì, tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ihò ilé ìgbẹ́ kan tó wà lókè kànga náà ti là, ó sì ti là kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ bá sì ni, ó yẹ kí ìgò kànga náà ti dúdú. Kí ló dé tí kò dúdú? Àwọn aláṣẹ yunifásítì ní bébà tí Bàbá Onígò yan ni kò dára. Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀, kó lọ jókòó sílé. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n fagi lé iṣẹ́ ìlú pátápátá, kó má baà ba orúkọ ilé-ìwé jẹ́.

Ọmọ alágbàfọ̀ gbọ́ èyí ní ọjọ́ Ajé kejì lẹ́yìn ikú ìyàwó bíríkìlà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e dé yàrá àyẹ̀wò. Ó bá Bàbá Onígò níbi tó ti to ìgò mẹ́jọ síwájú. Gbogbo wọn dúdú. Báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ti dì í tán, ṣùgbọ́n kò tíì lè lọ.

"Omi gọ́tà ni mo bù sí wọn láti ọjọ́ Àbámẹ́ta," ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bébà kan náà ni. Gbogbo ẹ̀ ló dúdú. Ọmọ mi, mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe."

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Èyí tí wọ́n fẹ́ gé yìí kò ṣẹ̀, ó sì ń wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri. Ọmọ alágbàfọ̀ kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ẹ ò ṣì í ṣe, sà. Omi ẹ̀rọ ni. Ẹ̀yìn ilé-ìkàwé ni mo ti bù ú."

Bàbá Onígò kò pariwo, kò gbá a létí. Ó bi í bóyá ọmọ náà nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ní rárá, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ́ kó rò ó látòkèdélẹ̀. Ọmọ alágbàfọ̀ sọ ti ẹ̀rọ omi, ó sọ ti ọ̀dà, ó sọ ti Ọjọ́rú tó mọ̀ tí kò sọ. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀ kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà kúrò ní bó ṣe máa ń wà nínú kíláàsì.

"Ká ní ìwé ìdánwò lo jí wò, ara rẹ lo máa tàn jẹ," ó ní. "Àmọ́ orúkọ wa lo fi tan àwọn tó ni wá. Ìlú ò bẹ̀ wá pé ká gbọ́n ju àwọn lọ. Òótọ́ ni wọ́n ní ká máa wá fún àwọn."

Wọ́n lé e. Wọ́n pe Bàbá Onígò padà, òun gan-an ló sì ṣáájú nígbà tí wọ́n tún gbogbo kànga yẹ̀ wò. Mẹ́tàdínlógún lára èyí tí wọ́n ti kùn ní funfun ni ìgò wọn dúdú. Ìwé ńlá tí olúkúlùkù fọwọ́ sí ló tú àwọn tó kù, Alábùjá pẹ̀lú. Wọ́n lé òun náà, ó sì wá rí i pé ọ̀nà tó gé kúrú náà lè gbé èèyàn dé ilé kíá. Ṣùgbọ́n ìlú kò gba yunifásítì gbọ́ mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ọ̀dà jáde lẹ́yìn èyí, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń dá wọn padà. Àwọn kan ń se omi tó mọ́, àwọn kan ń mu èyí tí kò mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè là wọ́n lọ́yẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò bú u. Ó kàn dẹ́kun pípe orúkọ yẹn. Ó wá iṣẹ́ fún un níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣe é, àwọn méjèèjì sì ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láàárọ̀. Ìyá náà a máa gba aṣọ tó bá dọ̀tí jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń pa ọmọ náà lẹ́kún.

Ó tó oṣù kan kó tó lè lọ rí bíríkìlà. Ibi iṣẹ́ ló ti bá a lórí òkè, ó ń to búlọ́ọ̀kù ilé kan tó ti dé ojú fèrèsé. Ọmọ alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wá sọ. Ọkùnrin náà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu yunifásítì. Ó ń lẹ simẹ́ńtì lọ, kò bojú wò ó.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀ pé wọ́n wà nílé ìwòsàn?"

"Ọjọ́rú, sà. Ní ìrọ̀lẹ́."

Ó dá ọwọ́ dúró.

"Ọjọ́rú alẹ́, mo gbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ," ó ní. "Ọjọ́bọ̀ àárọ̀, mo tún gbé òmíràn. Ọjọ́bọ̀ alẹ́, kò lè gbé orí mọ́, èmi ni mo gbé ife sí i lẹ́nu. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí wọ́n sè é. Mo ní kò pọn dandan."

Kò ní òun dárí jì í, kò sì ní òun kò dárí jì í. Ó gbé búlọ́ọ̀kù mìíràn, ó fi okùn wọ̀n ọ́n, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ alágbàfọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ títí eékún fi ń dùn ún, ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kì í sì í jí òkú. Ìwọ tó ò ń múra àtiwọ yunifásítì ìjọba, kì í ṣe torí kí o lè ṣe ipò kejì ni wọ́n ṣe kọ́ ilé-ìwé náà. Àwọn tó kọ́ ilé-ìwé náà fẹ́ ẹni tí wọ́n lè bi ní ohun tí àwọn fúnra wọn kò lè mọ̀, kí wọ́n gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, kí wọ́n sì lọ fi ọkàn balẹ̀ mu omi wọn. Bí o kò bá ní lè sọ òótọ́ fún wọn nígbà tó bá nira, fi àyè náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.